Ìpè ń já, àlejò ń rí kámẹ́rà: ṣé access point ni ká pààrọ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé ìgbàlejò kékeré kan ni mò ń bójú tó ní Abẹ́òkúta, yàrá mẹ́rìnlá. Access point mẹ́rin, àwọn ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi, ló wà lára àjà wa. 30 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) ló ń wọlé, 6 Mbps ló ń jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa tò ó pín netiwọ́ọ̀kì náà sí mẹ́ta: VLAN 10 fún òṣìṣẹ́, 20 fún àlejò, 30 fún kámẹ́rà. Ó tún tan QoS, ètò tó ń yan ohun tó máa ṣáájú, ó ní gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ni yóò máa kọ́kọ́ kọjá. Síbẹ̀, bó bá ti ń di aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù tó wà níbi tí a ti ń gba àlejò, tó ń gba orí Wi-Fi, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ohùn á máa gé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé òun ń rí ojú ewé tí a ti ń wọ kámẹ́rà wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì hàn lórí fóònù àwọn òṣìṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí n ra access point tó lágbára ju èyí lọ. Ṣé kí n rà á?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ìṣòro mẹ́ta ni ẹ kó sínú àpò kan ṣoṣo, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn sì gbé gbogbo rẹ̀ ka orí access point nítorí pé òun ni ojú ń rí lára àjà. Ìpè tó ń já lálẹ́, ó ṣeé ṣe kó má ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá rárá. Kámẹ́rà tí àlejò ń rí, ọ̀rọ̀ ráútà ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó sọnù ńkọ́? VLAN ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, àfi pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Màá tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, orí kámẹ́rà ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ohun tí VLAN ń ṣe kò ju pé ó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ara dátà lọ. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní 802.1Q ló là á kalẹ̀: báìtì mẹ́rin ni wọ́n ń fi kún ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ni nọ́ńbà VLAN wà, láti 1 dé 4094. Bí fóònù àlejò bá so mọ́ orúkọ Wi-Fi ti àlejò, access point á kọ 20 sára gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ fóònù náà wá kó tó tì í sínú wáyà. Súwíìṣì, ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà náà pàdé sí, á ka 20 náà, kò sì ní jẹ́ kó yà sí ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún 30. Títí dé ibí yìí, agbo ilé mẹ́ta lẹ ní, oníkálukú pẹ̀lú ògiri tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ráútà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe ráútà ni kó máa so netiwọ́ọ̀kì kan mọ́ èkejì. Ó mọ ọ̀nà ilé 192.168.20, ìyẹn àdírẹ́sì agbo ilé àlejò, ó mọ ọ̀nà ilé 192.168.30 ti kámẹ́rà. Bí fóònù àlejò bá ní òun ń lọ sọ́dọ̀ kámẹ́rà, á sìn ín débẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá ti kọ òfin sínú firewall, ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ráútà, pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin yín kò kọ. Mo ti bá a pàdé lọ́pọ̀ ibi: ẹni tó tò ó á rí orúkọ Wi-Fi mẹ́ta lórí fóònù, á rò pé ìpínyà ti parí, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn àárín ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Òfin tí ẹ máa ní kó kọ kò pọ̀. Lórí ráútà, ohunkóhun tó bá ti 20 wá tó ń lọ sí 10 tàbí 30, kó dá a dúró. Kó tún dí ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣàkóso ráútà fúnra rẹ̀ mọ́ àlejò. Èyí ni àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá máa ń gbàgbé, nítorí ráútà ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú agbo ilé àlejò, 192.168.20.1 ló sábà máa ń jẹ́, òfin tó ń dí ọ̀nà láàárín agbo ilé méjì kì í sì í dí ìyẹn. Ohun méjì péré ni àlejò ń fẹ́ lọ́wọ́ ráútà: àdírẹ́sì tí DHCP ń pín, àti DNS tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà. Kò sídìí tó fi yẹ kó rí nǹkan mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń wo kámẹ́rà nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀, kì í ṣe fóònù gbogbo òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó tan ohun tí wọ́n ń pè ní client isolation lórí Wi-Fi àlejò, kí fóònù yàrá 3 má bàa lè yọjú sí kọ̀ǹpútà yàrá 9. Ẹ kíyè sí i pé lórí ọ̀pọ̀ access point, àárín àwọn tó so mọ́ access point kan náà nìkan ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì lè rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ nítorí súwíìṣì ló so wọ́n pọ̀, nítorí náà ẹ béèrè bóyá súwíìṣì yín náà lè ya àwọn ihò rẹ̀ sọ́tọ̀ síra wọn. Bí password ẹ̀rọ kámẹ́rà bá sì ṣì jẹ́ èyí tó bá a wá nínú páálí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó jẹun alẹ́. Àlejò tó fi hàn yín ṣe yín lóore ńlá. Ó lè jẹ́ pé àwọn mìíràn ti rí i ṣáájú rẹ̀ tí wọn kò sọ.

Bí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe é tán, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. Ẹ fi fóònù yín wọ Wi-Fi àlejò, ẹ tẹ àdírẹ́sì kámẹ́rà sí i, lẹ́yìn náà ẹ tẹ 192.168.20.1. Bó bá ń yí títí tí kò ṣí, ó ti dáa nìyẹn. Bí ó bá ṣí tó ní kẹ́ ẹ tẹ password, iṣẹ́ kò tíì parí, bí password náà tilẹ̀ le.

Ẹ tún bá mi wo inú àjà náà. Ó wọ́pọ̀ gan-an kí wọ́n fi súwíìṣì kékeré olówó pọ́ọ́kú kan, tí kò ní ojú ewé ìṣàkóso kankan, pín wáyà kan sí méjì fún access point méjì, tàbí fún access point kan àti kámẹ́rà kan. Irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́. Ìdì dátà lásán kì í ju báìtì 1518 lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi àmì VLAN kún un, ó di 1522. Púpọ̀ nínú àwọn súwíìṣì wọ̀nyí á jẹ́ kó kọjá, àwọn mìíràn á jù ú nù. Kódà èyí tó jẹ́ kó kọjá lè da ìkéde agbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí gbogbo ihò rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan bá so mọ́ Wi-Fi àlejò tí àdírẹ́sì rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó túmọ̀ sí pé kò rí ẹni fún un ní àdírẹ́sì, ó sì dára kẹ́ ẹ fura sí irú nǹkan báyìí lójú ọ̀nà. Ihò tí access point wà lára súwíìṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé gbogbo nọ́ńbà pọ̀, trunk ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Ihò tí kámẹ́rà wà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 30 nìkan, láìsí àmì kankan lára dátà, nítorí kámẹ́rà kò mọ àmì kà.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ eléyìí fún ẹni tó máa bá yín ṣe é. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo yí nọ́ńbà VLAN tí mo fi ń ṣàkóso àwọn access point padà kí n tó sọ fún súwíìṣì pé nọ́ńbà tuntun ń bọ̀. Lójú mi báyìí ni gbogbo wọn pòórá. Odindi ọ̀sán ni mo fi gun àkàbà, mo ń ti àjà kan bọ́ sí òmíràn, mo ń fi abẹ́rẹ́ tẹ ojú ihò tó ń sọ wọ́n di tuntun, àwọn olùkọ́ sì ń dúró. Láti ọjọ́ náà, ráútà ni mo ń kọ́kọ́ tò, lẹ́yìn náà súwíìṣì, access point ló ń kẹ́yìn, mo sì máa ń fi ihò kan sílẹ̀ lórí súwíìṣì tó ṣì wà lórí ètò àtijọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò gùn. Fóònù kì í mọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé látilẹ̀wá. Ńṣe ló máa ń pariwo sínú agbo ilé pé, "Ta ló lè bá mi tẹ̀wé?", ẹ̀rọ á sì dáhùn. Ariwo yẹn kì í ré ògiri VLAN kọjá. Bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí 30 pẹ̀lú kámẹ́rà, tàbí tó wà lórí nọ́ńbà tí kò ní orúkọ, òṣìṣẹ́ lórí 10 kò ní rí i láé. Àwọn ráútà kan ní ètò tó ń gbé irú ariwo bẹ́ẹ̀ láti agbo ilé kan dé òmíràn, mDNS ni orúkọ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì wúlò níbi tí ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́ta ti ń lo ẹ̀rọ kan. Fún yín, èmi ò ní ṣe wàhálà yẹn. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí 10, kó wà pẹ̀lú àwọn tó ń lò ó.

Ó wá kan ìpè tó ń já. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé pípín netiwọ́ọ̀kì sí mẹ́ta kò pín afẹ́fẹ́ sí mẹ́ta. Orúkọ Wi-Fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ti inú ẹ̀rọ kan náà jáde, lórí channel kan náà, ìyẹn ojú ọ̀nà ìgbì kan náà, Wi-Fi sì dà bí ìpàdé ẹbí tí ẹnìkan ṣoṣo ti lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù yàrá 12 tó jìnnà bá ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìyókù á dúró dè é, yálà 10 ni wọ́n tàbí 20. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi kún un tún ní iye tó ń gbà. Ìgbà mẹ́wàá tó dín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo mílíìṣẹ́jú àáyá 102.4, access point gbọ́dọ̀ kéde orúkọ kọ̀ọ̀kan, lórí ìgbì 2.4 GHz ó sì sábà máa ń ṣe é ní 1 Mbps, tó jẹ́ ìṣísẹ̀ tó lọ́ra jù lọ, kí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nítòsí lè gbọ́ ọ. Orúkọ mẹ́ta kò burú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kéde mẹ́jọ, ariwo ìkéde lásán ló gba ibẹ̀ kan. Nínú ti yín, mo máa ní kẹ́ ẹ yọ orúkọ Wi-Fi ti kámẹ́rà kúrò pátápátá bí ó bá lè ṣeé ṣe, kí kámẹ́rà gba wáyà. Kámẹ́rà kì í rìn, fídíò rẹ̀ kì í sì í sinmi tọ̀sán tòru, kò sí ohun tó fi yẹ kó máa du afẹ́fẹ́ mọ́ èèyàn. Fóònù tó wà lórí tábìlì náà, bó bá ní ojú ihò wáyà, ẹ fi wáyà sí i. Ìyẹn nìkan lè dín ìdajì wàhálà yìí kù, owó wáyà kan péré sì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ channel wò. Lórí 2.4 GHz, 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn. Nínú access point mẹ́rin yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wà lórí channel kan náà. Ẹ dín agbára ìgbì 2.4 wọn kù dípò kẹ́ ẹ fi kún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fóònù tó bá mọ 5 GHz máa lò ó. Ẹ̀rọ tó lágbára jù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà yẹn, ohùn rẹ̀ ló máa ròkè. Fóònù àlejò tó ń dá a lóhùn kò ní tìtorí rẹ̀ ní agbára sí i. Àlejò á rí àmì Wi-Fi tó kún, nǹkan kò sì ní lọ.

QoS ni ibi tí mo ti rí àṣìṣe tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín, torí ẹni tó ṣe é ní èrò rere lọ́kàn. Láti ìgbà tí ìlànà 802.11e ti jáde lọ́dún 2005 ni Wi-Fi ti ní ìlà mẹ́rin: ti ohùn, ti fídíò, ti gbogbo nǹkan lásán, àti ti ohun tó lè dúró títí ìyókù á fi kọjá. WMM ni wọ́n kọ sára àwọn ẹ̀rọ. Kò sí ọlọ́pàá tó ń darí wọn. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, á mú nọ́ńbà kan láìròtẹ́lẹ̀, á kà á wálẹ̀, ìgbà tó bá kà á tán tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ ló máa sọ tirẹ̀. Ohun tó wà lórí ìlà ohùn máa ń mú nọ́ńbà tí kò ju 3 lọ, ti gbogbo nǹkan lásán lè dé 15, nítorí náà ohùn ló sábà máa ń ṣáájú. Bí méjì bá mú nọ́ńbà kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á kọlu ara wọn, wọ́n á tún un mú láti inú nọ́ńbà tó pọ̀ sí i: ti ohùn kì í kọjá 7, ti gbogbo nǹkan lásán lè gùn dé 1023. Ẹ ti wá rí ibi tí ìṣòro wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yín gbé gbogbo ohun tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ sórí ìlà tó yára jù. Fídíò tí òṣìṣẹ́ ń wò, àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń fà wọlé, àwòrán WhatsApp, gbogbo wọn wá ń fi nọ́ńbà kéékèèké yẹn du àyè mọ́ ìpè tábìlì yín, wọ́n sì ń kọlu ara wọn. Ìlà tó yára yẹn ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ohun tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀. Bí ọkọ̀ gbogbo bá ń fọn fèrè ọkọ̀ aláìsàn, ọkọ̀ aláìsàn náà á há sínú gọ́síló.

Nítorí náà, kó yọ gbogbo òṣìṣẹ́ kúrò nípò àkọ́kọ́, kó fi ìpè nìkan síbẹ̀. Fóònù íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa máa ń kọ àmì sára ohùn fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ipò tí wọ́n ń pè ní DSCP ni, 46 ló sábà máa ń lò. Ọ̀pọ̀ access point sì ń ṣi àmì náà kà: bíìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń wò, 46 á wá di 5, 5 sì jẹ́ ìlà fídíò, kì í ṣe ti ohùn. Àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn, RFC 8325, lọ́dún 2018 pé 6 ló yẹ kó jẹ́. Bí access point yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń tò ó, ẹ jẹ́ kó di 6. Bí kò bá ní, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu, ìlà fídíò náà ṣì sàn ju ti gbogbo nǹkan lásán lọ. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má ṣe ni pé kẹ́ ẹ pa WMM nítorí pé ẹnìkan ní ó ń dí Wi-Fi lọ́wọ́. Láti ìgbà ẹ̀rọ 802.11n wá, ìṣísẹ̀ gíga kò sí láìsí WMM. Bí ẹ bá pa á, àwọn ẹ̀rọ yín á já wálẹ̀ sí 54 Mbps ti ayé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rò pé ó ń já ìpè yín gan-an. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni àmì rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn àlejò ń dé láti òde ayẹyẹ tàbí láti orí Òkè Olúmọ, àwòrán àti fídíò kún inú fóònù wọn. Fóònù tí wọ́n ti tò pé kó má lo dátà káàdì á rí Wi-Fi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Fóònù mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀kan náà, sínú ojú ọ̀nà 6 Mbps. Ìpè kan kò nílò ju nǹkan bíi 87 kbps lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kódà lórí ètò ohùn G.711 tó ń jẹ àyè púpọ̀. 6 Mbps lè gba ìpè tó lé ní ọgọ́ta. Nítorí náà àyè kọ́ ni ìpè yín ń wá, àǹfààní àtikọjá ni. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, dípò kó ju àpọ̀jù nù, ńṣe ló ń tò ó jọ sórí ìlà. Bí ó bá to mẹ́gábáìtì kan ṣoṣo jọ, mẹ́gábíìtì mẹ́jọ nìyẹn, ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tán ní 6 Mbps. Ohùn yín wà lẹ́yìn gbogbo àwòrán yẹn. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ní kí ohùn má lo ju mílíìṣẹ́jú àáyá 150 lọ lójú ọ̀nà láti ẹnu ẹnìkan dé etí ẹnì kejì. Ẹ wo bí ìṣẹ́jú àáyá kan ti jìnnà sí ìyẹn tó.

Access point kò lè ṣe nǹkan kan sí ìlà yìí, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìlà náà wà. Ibi tí ọ̀nà bá ti há ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Ẹ má sì gbà mí gbọ́ lásán, ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ní aago mẹ́jọ, ẹ jókòó ti tábìlì ìgbàlejò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó wà lórí Wi-Fi òṣìṣẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé méjì. Nínú ọ̀kan, ẹ fi ping, àṣẹ tó ń wọn bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó, kàn sí ráútà yín, 192.168.10.1. Nínú èkejì, ẹ kàn sí 8.8.8.8, ẹ̀rọ Google kan tó wà níta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ráútà bá ń dáhùn láàárín mílíìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ti ìta sì ń fò lọ sí 500, sí 900, ẹnu ọ̀nà ló há. Bí ti ráútà fúnra rẹ̀ bá ń fò sókè sódò tàbí tí kò dáhùn nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ ni, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ channel àti wáyà tí mo sọ lókè. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà, orí ráútà ni àtúnṣe wà. Kí ó tan ètò ìlà tí wọ́n ń pè ní fq_codel tàbí CAKE, kó sì fi ààlà sí i díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń fún yín: 5 Mbps fún ohun tó ń jáde, 27 fún ohun tó ń wọlé. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ nínú iye tẹ́ ẹ ń sanwó fún, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ìlà á kúrò nínú ẹ̀rọ tí ẹ kò lè pàṣẹ fún, á bọ́ sọ́wọ́ ráútà tí ẹ lè pàṣẹ fún, ráútà á sì máa mú díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ olúkúlùkù dípò kí ẹni tó kó ẹrù jọ jù gba gbogbo ọ̀nà. CAKE tún lè pín in ní dọ́gbadọ́gba fún fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń gbé ọgọ́rùn-ún àwòrán má ní ju ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lọ. Àwọn mìíràn fẹ́ràn kí wọ́n fi 3 Mbps dé àlejò kọ̀ọ̀kan lórí. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: yàrá mẹ́rìnlá ní ẹ̀rọ kan péré nínú yàrá, 42 Mbps nìyẹn, ẹ kò sì ní ju 30 lọ. Àlejò tó jí ní aago mẹ́ta òru tó dá wà lórí netiwọ́ọ̀kì á tún máa gba 3 nígbà tí 27 wà nílẹ̀ lófo. Bí wọ́n bá sì fi ààlà sórí orúkọ Wi-Fi lápapọ̀, ẹ rántí pé access point kọ̀ọ̀kan lè máa ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ààlà 20 lórí mẹ́rin lè di 80, ìyẹn ni pé kò sí ààlà kankan. Èmi á fi pínpín dọ́gba ṣe ìpìlẹ̀, màá sì fi ààlà kan ṣoṣo dé gbogbo VLAN 20 lórí ráútà kí ti òṣìṣẹ́ lè máa rí àyè nígbà gbogbo.

Ó ní ibi tí agbára wa mọ. Àmì 46 tí fóònù yín kọ sára ohùn, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pa á rẹ́ ní kété tó bá ti jáde nílé yín, nítorí náà ẹ má retí pé ìpò àkọ́kọ́ yín á bá a dé Èkó. Bí ọ̀nà tiwọn fúnra wọn bá ń kún lálẹ́, débi pé 30 yín di 8, ààlà 27 kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí ìlà á ti padà sọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú ping sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta, ẹ fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú sánmà, bíi Starlink, ní wàhálà yìí ju yín lọ, nítorí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sì í bá a mu. Ráútà àtijọ́ náà lè máà ní agbára láti tò ìlà báyìí, ṣùgbọ́n ní 30 Mbps, èyí tó bá kéré gan-an nìkan ni yóò kọ̀.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ná, súwíìṣì tó ní ojú ewé ìṣàkóso ni kẹ́ ẹ fi ra dípò èyí tó fara pamọ́ sínú àjà, ìyẹn bí ẹ bá rí i níbẹ̀, àti wáyà fún àwọn kámẹ́rà. Access point yín ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà, ẹ pè é padà, ẹ má lé e. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pín netiwọ́ọ̀kì, òfin firewall ló kù fún un. Ẹ jẹ́ kó ka ìdáhùn yìí, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í nígbà tó bá ń kọ òfin àlejò. Kí ó lẹ bébà kékeré mọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan lára súwíìṣì, kó kọ nọ́ńbà VLAN rẹ̀ àti ibi tó ń lọ sí i. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lóru ọjọ́ Sátidé tí òun kò sí nítòsí, bébà yẹn ni ẹ máa fi ṣàlàyé fún mi lórí fóònù.